Kí Ohùn Àgbà Má Baà Sọnù Níbi Ìkómọ

Ní oṣù yìí, a ó fi ọ̀rọ̀ ìkòkò àti àwo sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, èyí tí a ń yá tàbí tí a ń rà fún ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí, ìpàdé ẹbí àti àjọ̀dún ẹgbẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín wí pé, "Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn, àwa kò mọ ọ̀rọ̀ wáyà." Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó yí èrò mi padà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ kó àkọ́bí mi jáde, èmi fúnra mi ni mo yẹ ohun gbogbo wò. Mo ka obì, mo ka orógbó, mo tọ́ oyin wò, mo sì rí i pé iyọ̀, ataare, àádùn àti omi tútù wà nínú abọ́ wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ni mo fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ ṣáà bá wa mú èyí tí ó bá dún dáadáa wá." Ó dún nítòótọ́. Sípíkà méjì tí ó ga jù mí lọ ni wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo jókòó sí, pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó kan ìyá àgbà, ìyá tí ó bí bàbá ọkọ mi, láti súre fún ọmọ kí ó sì ki oríkì ìdílé wọn, wọ́n na makirofóònù sí i. Bí ó ti la ẹnu báyìí, ẹ̀rọ náà han gooro bí ìgbà tí a ń fi irin ha irin. Ọmọ ta gìrì, ó bú sẹ́kún. Ìyá àgbà gbé makirofóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ sọ sí ọmọ létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní àkókò náà gan-an ni ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ fi orin sí i láti fi bo ìtìjú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ìyá àgbà sọ. Èmi tí mo gbé ọmọ lọ́wọ́ kò gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un sọ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ti sọ ọ́. Ẹni tí mo sọ ọ́ fún ti gbọ́." Mo rò ó pé bí a bá kó ọmọ kejì jáde, n ó gbọ́ ọ nígbà náà. Ìyá àgbà kò dúró de ọmọ kejì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ mi wà nínú ìwé títí di òní, ṣùgbọ́n oríkì náà bá wọn lọ.

N kò dá ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá lẹ́bi tó bí mo ti dá ara mi lẹ́bi. Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà náà, n kò sì bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè, tí mo sì ń kọ́ ọ. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

IṢẸ́ TÍ A FẸ́ FI Ẹ̀RỌ ṢE

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1915, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin méjì kan, Peter Jensen àti Edwin Pridham, fi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe han ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó péjọ ní gbangba. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ pé ohùn ẹnì kan lè dé etí gbogbo wọn. Ní ilẹ̀ tiwa, ní nǹkan bí ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè nínú orin jùjú. Èyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí gìtá àti ohùn olórin lè bá gángan rìn láìjẹ́ pé ìlù bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: a ṣe ẹ̀rọ yìí kí ohùn tí kò lè dé òkèèrè lè dé ibẹ̀. A kò ṣe é kí ó bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ni a fẹ́ kí àlejò gbọ́? Níbi ìkómọ, ọ̀rọ̀ àti àdúrà ni ó ṣáájú, orin ni ó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè kejì: ènìyàn mélòó ni yóò wá, ṣé inú yàrá ni wọn yóò jókòó sí tàbí abẹ́ àtíbàbà? Ìkẹta: níbo ni iná yóò ti wá? Bí a kò bá tíì dáhùn àwọn mẹ́ta yìí, kò ì tíì tó àkókò láti wá ẹ̀rọ.

BÍ A ṢE Ń YAN Ẹ̀RỌ

Ẹ̀yà mẹ́ta pàtàkì ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní. Makirofóònù ni etí rẹ̀. Òun ni ó ń gba ohùn wọlé. Ámípilifáyà ni ó ń fún ohùn náà ní agbára. Sípíkà ni ẹnu rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń ra wọn, tí wáyà yóò sì kún ilẹ̀ bí ìtàkùn. Lónìí, èyí tí ó rọrùn jù fún ìdílé ni sípíkà tí ámípilifáyà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó ní bátìrì tirẹ̀, tí ó sì ní táyà àti ìdìmú tí a lè fi fà á bí àpótí ẹrù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò fi iye wáàtì dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rọ kékeré kan lè ní 5,000 wáàtì lára páálí rẹ̀, kí agbára tí ó lè lò déédéé má sì tó 100. Nọ́ńbà tí ó yẹ kí a bèèrè ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni ó ń sọ agbára tí ẹ̀rọ lè lò láìdáwọ́ dúró. Èyí tí wọ́n kọ PMPO sí kò wúlò fún wa rárá. Ẹ tún mọ̀ pé bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, ohùn kò di ìlọ́po méjì. Desíbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ó fi ń lé sí i. Desíbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó. Kí etí wa tó lè gbọ́ ọ bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì, agbára náà ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tí ó fi owó lé owó nítorí pé ẹ̀rọ kan ní wáàtì díẹ̀ ju èkejì lọ lè máà rí ohun púpọ̀ gbà.

Fún ọ̀rọ̀ àti orin díẹ̀ láàárín àádọ́ta ènìyàn nínú yàrá tàbí àgbàlá, sípíkà kan tí ó dára, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 10 tàbí 12 ìńṣì, ti tó. Bí àlejò bá tó ọgọ́rùn-ún lábẹ́ àtíbàbà, ẹ lo méjì, kí ẹ sì gbé wọn sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Sípíkà méjì tí a rọra yí sókè sàn ju ọ̀kan tí a yí dé òpin lọ. Èyí tí a yí dé òpin ń ya lóhùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í yéni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán an wò pẹ̀lú ohùn ènìyàn. Oníṣòwò yóò fẹ́ fi orin tí ìlù rẹ̀ wúwo dán an wò fún yín, nítorí pé orin bẹ́ẹ̀ ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ gba makirofóònù, kí ẹ ka orúkọ ọmọ yín àti ti àwọn àbúrò yín sí i. Kí ẹni tí ó bá yín lọ dúró ní òkèèrè. Bí ó bá gbọ́ "Bọ́lá" sí "Ṣọlá", ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Makirofóònù oníwáyà kì í sábà dójú tini. Ọ̀kan tí àwọn olórin àti oníwàásù mọ̀ kárí ayé, Shure SM58, ti wà lórí àtẹ láti ọdún 1966, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ ṣọ́ra. Aláìníwáyà rọrùn fún ìyá arúgbó tí kò lè dìde lórí àga, bí a bá lè rántí pé bátìrì rẹ̀ a máa tán. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì ní òmíràn nípamọ́ nínú báàgì.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀RỌ FI Ń HAN

Ìhan tí ó dẹ́rù ba ọmọ mi kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ. Ohùn tí ó jáde lẹ́nu sípíkà ni ó padà wọ inú makirofóònù; ẹ̀rọ tún gbé e sókè, ó tún jáde, ó tún wọlé, títí ó fi di igbe. Bí ìdí rẹ̀ bá ti yé wa, oògùn rẹ̀ kò ṣòro.

Ẹ gbé sípíkà síwájú ibi tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ dúró sí, kí ó kọjú sí àlejò, kí makirofóònù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó mú makirofóònù kò gbọdọ̀ rìn kọjá níwájú sípíkà. Kí ó mú un sún mọ́ ẹnu, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí bí ẹnu bá jìnnà, ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ yóò ní láti yí i sókè, ìhan yóò sì bẹ̀rẹ̀. Kí ó di ọrùn rẹ̀ mú, kí ó má fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀. Bíbo orí náà ń jẹ́ kí ó máa gba ohùn láti ẹ̀yìn, níbi tí kò yẹ kí ó ti gbà á. Bí ó bá han síbẹ̀, ẹ yí ohùn makirofóònù wálẹ̀ díẹ̀.

Àwọn àgbà wa kò mọ ìlò makirofóònù, a kò sì gbọdọ̀ fi í sí wọn lọ́wọ́ lójijì lójú àwùjọ. Kí ọ̀dọ́ kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ó bá wọn mú un dání títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Kí ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ sì mọ̀ dájú pé kò sí orin kankan nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Èmi a máa kọ èyí sínú ìwé fún un.

ETÍ ỌMỌ TUNTUN

Ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè sọ pé, "Ìyá mi, ariwo yìí pọ̀." Kò lè dìde lọ. Ẹkún nìkan ni ó ní, a ó sì máa wí pé ebi ni ó ń pa á. Fọ́nrán irun tíntìntín tí ó wà nínú etí wa lọ́hùn-ún, tí ó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, kì í hù padà bí ariwo bá ti bà á jẹ́.

Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé òṣìṣẹ́ tí ó ti dàgbà kò gbọdọ̀ wà nínú ariwo desíbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Ní 88, wákàtí 4 ni; ní 94, wákàtí 1; ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Àgbàlagbà ni a ń sọ yìí o. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sì ti gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 fún àwọn ibi tí a ti ń lu orin: kí ìwọ̀n ariwo ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 má ṣe ju desíbẹ́ẹ̀lì 100 lọ.

Ohun tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ ni pé ariwo ń rọ̀ bí a bá ṣe ń jìnnà sí i. Ní ìta gbangba, bí a bá sọ ìjìnnà wa di ìlọ́po méjì, desíbẹ́ẹ̀lì 6 ni ó ń dín. Ẹ jẹ́ kí a wí pé sípíkà kan ń mú 98 jáde ní mítà 1. Ní mítà 2, yóò di 92; ní mítà 4, 86; ní mítà 8, 80. Ẹ ò rí i pé àga tí a gbé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà lásán ti ṣe oore ńlá fún ọmọ. Nínú yàrá, ògiri ń dá ohùn padà, nítorí náà kì í rọ̀ tó bẹ́ẹ̀; ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti yí ẹ̀rọ wálẹ̀ jù.

Bí kò bá sí ohun tí a ó fi wọn ariwo, ẹ lo ọgbọ́n yìí: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó lè gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ìyá ọmọ dìde nígbà tí àdúrà bá parí tí orin bá bẹ̀rẹ̀, kí ó gbé ọmọ wọ inú yàrá tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún un lẹ́bùn yóò bá a níbẹ̀.

INÁ, WÁYÀ ÀTI ALÁDÙÚGBÒ

Bí ẹ bá máa lo jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ilé, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé tàbí ìlẹ̀kùn èyíkéyìí, kí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde kọjú sí ìta. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó sì ń pani lójú oorun. Ẹ má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò, kí ẹ má sì gbé e sí ẹ̀yìn fèrèsé yàrá tí ìyá ọmọ wà. Ìdí kan tí mo fi fẹ́ràn sípíkà tí ó ní bátìrì nìyí: àdúrà àti ìsọmọlórúkọ lè parí kí a tó tan jẹnẹrétọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Níbi tí ó bá ti kọjá ojú ọ̀nà, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ tẹ́ ẹní lé e, kí ẹni tí ó gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná má baà kọsẹ̀. Ẹ gbé àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ irin tí ó gbé sípíkà dúró, nítorí àwọn ọmọdé yóò dì í mú bí wọ́n bá ń ṣeré. Nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, sípíkà ni kí ẹ tàn kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń pa á, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Èyí kò ní jẹ́ kí ó dún gbàmù tí ó fi ń ba ara rẹ̀ jẹ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ariwo wà láti ọdún 2009, ó sì ka alẹ́ sí àkókò tí ariwo gbọdọ̀ dín kù ju ti ọ̀sán lọ. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni ìwà ọmọlúàbí ti wà. Ẹ sọ fún aládùúgbò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó parí, kí ẹ sì parí ní wákàtí náà. Ó lè jẹ́ pé aláìsàn wà lẹ́yìn ògiri kejì.

YÍYÁ TÀBÍ RÍRÀ?

Ẹni tí ó ń ṣe àpèjẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní láti ra ẹ̀rọ. Kí ó yá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ ìyàwó ilé tàbí ẹgbẹ́ ìjọ tí ó tó ogún ènìyàn, ẹ lè dáwó jọ ra ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá ní ayẹyẹ máa gbà á lò, kí ó sì máa san owó díẹ̀ sí àpò ẹgbẹ́ fún àtúnṣe. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bátìrì inú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ ní òfo. Bí a bá gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́ta láìfi iná sí i, ó lè kú pátápátá. Kí ẹ fi iná kún un lẹ́yìn ìlò, kí ẹ sì máa fi iná sí i lóṣooṣù, bí ẹ kò tilẹ̀ lò ó.

Nígbà tí a kó ọmọ mi kejì jáde, sípíkà kan ṣoṣo ni a lò, ojú rẹ̀ 12 ìńṣì, mítà mẹ́rin sí àga mi. Bàbá mi súre, ẹni tí ó jókòó sí ìparí àtíbàbà sì dáhùn "Àṣẹ". Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára àga tí ìyá àgbà ì bá jókòó sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ju ẹ̀rọ lọ kún un. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìkómọ, kí àlejò tó dé, kí ìkòkò tó gorí iná, ẹ lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nínú yàrá wọn. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé fóònù yín sórí itan wọn, kí ẹ tẹ ibi tí ó ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ki ọmọ yìí." Kò gba wáàtì kankan. Bí wọ́n bá kì í tán, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì nínú ẹbí, kí ó má baà sọnù bí fóònù bá bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ̀rọ bá han lọ́jọ́ kejì, ẹ ó lè rẹ́rìn-ín sí i.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì dá etí tí wọn yóò fi gbọ́ oríkì wọn sí. Ó di oṣù tí ń bọ̀.